Ìyá Ni Òṣùwọ̀n Mojí

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, bí eré tuntun bá dé orí tẹlifíṣọ̀n, tàbí tí èyí tó ti lọ bá tún padà wá, àwa kan wà tí a kì í fọwọ́ kan rímóótù àfi tí Mojí bá ti sọ̀rọ̀. Olùkọ́ ni Mojí ní Odogbolu, ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé, orí rédíò lẹ ó ti bá a, tó ń sọ èyí tó yẹ ká wò àti èyí tó yẹ ká fi sílẹ̀. Kì í bo ẹnikẹ́ni láṣìírí. Ó sọ nípa eré olówó ńlá kan rí pé, "Aṣọ ló ń ṣeré níbẹ̀, èèyàn kọ́." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé Mojí nìkan kọ́ ló ń dájọ́ náà. Èmi mọ̀, torí ilé wa kọjú síra, a sì jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá rẹ̀ ló fi ń wọn eré. Ogbó ti gba ìrántí lọ́wọ́ Ìyá. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá, nítorí náà kò sí eré tó lè fi adùn ọ̀sẹ̀ tó kọjá tàn án jẹ. Bí eré bá dáa, á jókòó tì í. Bí kò bá dáa, á dìde, á wé gèlè, á ní òun ń lọ sí ulé, ilé òun ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, Mojí á sì sáré lọ ti géètì. Bí Mojí bá ti sọ fún mi pé, "Ìyá dìde," mo ti mọ̀ pé eré náà ti kú.

Aaron, àbúrò Mojí kan ṣoṣo, ń kọ eré ní Èkó. Mojí ló tọ́ ọ lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Eré rẹ̀ jáde lọ́dún tó kọjá, èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ wò ó. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fún un láyè ẹ̀ẹ̀kan sí i: bí apá kejì ò bá lérò, ó parí nìyẹn. Ló bá pe Mojí.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní Sátidé. Tí ẹ bá ní ó dáa, gbogbo Ìjẹ̀bú ló máa wò ó."

"Jẹ́ kí Ìyá kọ́kọ́ wò ó," Mojí dáhùn.

Mo wà nílé Mojí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e jáde. Ìyá àgbà kan wà nínú apá kejì yìí tí kò sí nínú ti àkọ́kọ́. Òun ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Ó wọ bàtà méjì tí kò jọra lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ jókòó sórí àga bíṣọ́ọ̀bù, ó ní kí wọ́n gbé àwo ìkòkorè òun wá. Ẹ̀rín bú nínú tẹlifíṣọ̀n. Lọ́jọ́ tí Ìyá ṣe ohun yìí gan-an nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwa akọrin gbé orin mìíràn sókè, a ń kọ ọ́ lákọtúnkọ títí Mojí fi rọra fà á dìde. Gbogbo ìjọ gbé ọ̀rọ̀ náà mì. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Aaron fi ọwọ́ òsì júwe ìyá tó bí i. Inú bí mi gidi.

Ìyá ò sì dìde! Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá fi etí ìró nu ojú. Nígbà tí eré náà parí, ó ní, "Mojí, ìyá yẹn, ṣé kò bímọ ni?"

"Kí ló dé, Ìyá?"

"Tó bá bímọ, ọmọ ẹ̀ á ti mú un lọ sí ulé. Kò ní jẹ́ kí wọ́n máa fi í rẹ́rìn-ín."

Lọ́jọ́ kejì Mojí wá bá mi, ojú rẹ̀ ti wú. Tó bá ní eré náà ò dáa, irọ́ ni, ó sì ti gba oúnjẹ lẹ́nu àbúrò rẹ̀. Tó bá ní ó dáa, ó mú ìyá rẹ̀ lọ sí gbangba nìyẹn. Èmi náà ò mọ ìmọ̀ràn tí mo lè gbà á.

Nígbà tí Sátidé dé, ó ní: "Eré náà dáa. Ìyá mi, tí mo fi ń wọn eré, kò dìde. Ṣùgbọ́n mi ò ní ní kí ẹ wò ó. Ìyá tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín níbẹ̀, èmi ni ọmọ rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́, ọmọ rẹ̀ náà ni." Àwọn ará rédíò yára fi orin sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Aaron já wọ ilé Mojí. Mo tẹ̀ lé e. Mi ò ní purọ́, kì í ṣe pé mo fẹ́ làjà. Ìyá jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n tún ń fi eré náà hàn.

"Àǹtí mi, ẹ ti ba ayé mi jẹ́!"

Ìyá ló gbójú sókè. Ó wo Aaron, kò mọ̀ ọ́n.

"Má pariwo, ọmọ. Jókòó, ká jọ wò ó. Ìyá yìí ò lọ́mọ, àánú ẹ̀ ń ṣe mí."

Aaron jókòó. Ó kan ibi àga bíṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rín bú. Aaron na ọwọ́ sí rímóótù láti pa á, Ìyá sì di ọwọ́ náà mú.

"Má pa á," ó ní. "Jẹ́ kí ẹnì kan jókòó ti ìyá yẹn."