Ìbò Wiley Threlkeld

Kò sí orúkọ tí Asahel Threlkeld gbọ́ rí tó gbàgbé. Ìyẹn gan-an ló sọ ọ́ di olóṣèlú. Láti Kentucky ló ti wá sí Missouri, òun, Permelia ìyàwó rẹ̀, àti ìbaaka olóríkunkun kan. Nígbà tí kọ́lẹ́rà dé, tí oníkálukú ń sá, òun ló dúró tó gbẹ́ ilẹ̀ fún àwọn òkú lórí òkè, tó sì fi ọ̀bẹ gbẹ́ orúkọ wọn sára pákó. Wiley, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún méjì, wà lára wọn. Ká sòótọ́, ẹni iyì ni nígbà náà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Lẹ́ẹ̀kẹrin, Jubal Cates tó ń lọ ọkà, àlejò àná tí gbogbo ayé fẹ́ràn, jáde bá a du ipò náà, àyà Asahel sì já. Tí ipò yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ohun tó kù tí yóò máa pe ara rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, kí wọ́n tó ṣí kóòtù tí wọ́n ti ń dìbò, ó fa Enos, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń kọ ìwé ìbò, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ka orúkọ mọ́kànlá fún un, gbogbo wọn lára àwọn òkú orí òkè, kó kọ wọ́n sílẹ̀ pé òun ni wọ́n dìbò fún.

"Ó ku ẹyọ kan. Kọ Wiley."

Enos gbójú sókè. "Wiley tiyín?"

"Ì bá ti pé mọ́kànlélógún báyìí. Ó tó dìbò. Kọ ọ́, jàre."

Ẹnu ni wọ́n fi ń dìbò níbẹ̀. Olùdìbò á dúró níwájú tábìlì, á sọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti ẹni tó fẹ́. Ẹni tó fẹ́ náà á dìde, á tẹrí ba, á sì dárúkọ rẹ̀ dúpẹ́. Títí di ọ̀sán ni Asahel ń dìde, tó ń jókòó.

"Ẹsẹ̀ ò tíì dùn ẹ́?" Cates fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Ìwọ ṣáà máa sinmi tìẹ."

Nígbà tó di aago mẹ́rin, ìbò kan ṣoṣo ni Asahel fi wà níwájú. Adájọ́ Peake, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá lọ́dún tó kọjá, ti fẹ́ pa ìwé dé nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìró ẹṣin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lòjò ò ti rọ̀, síbẹ̀ amọ̀ tútù wà lára bàtà rẹ̀. Òtútù mú gbogbo èèyàn nínú kóòtù, nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì tí ooru máa ń mú jù níbẹ̀.

"Wiley Threlkeld," ló wí.

Adájọ́ wo ìwé. "Wọ́n ti kọ ẹ́ sílẹ̀ fún bàbá ẹ."

"Wọ́n kọ ọ́ lóòótọ́. Èmi ò tíì sọ̀rọ̀."

Pẹ́ńsù bọ́ lọ́wọ́ Enos. Adájọ́ yíjú sí Asahel. "Ọmọ yín nìyí?"

Asahel mọ̀ pé tóun bá ní ọmọ òun ti kú, wọ́n á bi òun léèrè ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀, wọ́n á sì bi òun léèrè àwọn mọ́kànlá yòókù. Ó wo ojú ọmọkùnrin náà. Ojú Permelia ni.

"Ọmọ mi ni."

"Ó dáa. Ohun tó bá fẹnu ara ẹ̀ sọ la máa gbà. Ta lo fẹ́?"

"Jubal Cates."

Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ti Asahel, wọ́n fi kún ti Cates. Cates dìde, ó tẹrí ba. "Wiley Threlkeld, o ṣé gan-an." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jáde, ó sì gba ọ̀nà òkè lọ.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí Asahel fi délé. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Permelia, kò yọ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Permelia ò bi í léèrè ẹni tó borí nínú ìbò.

"Bàbá Wiley," ló wí, "báwo ló ṣe ga tó báyìí?"

Asahel gbọ́wọ́ sókè, ó fi díẹ̀ kọjá orí ara rẹ̀, kò sì lè gbé e sọ̀ kalẹ̀.