Omi Àárọ̀ Tí Mo Gbé Lọ sí Ẹ̀pẹ́

Òórùn ọ̀dà ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, èyí tí kì í kúrò lára aṣọ iṣẹ́ mi bó ti wù kí n fọ̀ ọ́ tó. Iléeṣẹ́ ọ̀dà kan ní Ìkòròdú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń bójú tó omi ìdọ̀tí tó ń gba gọ́tà ẹ̀yìn ọgbà wa lọ sínú odò kékeré kan, títí dé ọ̀sà lọ́nà Ìjẹ̀dẹ̀. Òfin tuntun wá jáde látọ̀dọ̀ ìjọba: ẹni tó bá bu omi náà fún àyẹ̀wò ni yóò fi orúkọ ara rẹ̀ buwọ́ lùwé. Ni wọ́n bá pe gbogbo àwa tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n ní kí oníkálukú mú ìgò omi kan dání láti ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o mọ bí a ṣe ń bu omi náà? Aago mẹ́fà àárọ̀ ni, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nígbà tí gọ́tà ṣì mọ́. Bí mo ṣe bá a nílẹ̀ nìyẹn, "omi àárọ̀" la tilẹ̀ ń pè é. Àmọ́ látìgbà tí mo ti gbọ́ pé orúkọ mi ló máa wà níbẹ̀, ara mi ò balẹ̀ mọ́. Bí mo bá buwọ́ lù ú, irọ́ mi ni. Bí mo bá sọ òótọ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ta ẹja ní Ìjẹ̀dẹ̀ sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹja àwọn ń rùn bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín ni, "Màmá, ẹ tún ti dé!" Lọ́nà Ẹ̀pẹ́, ọwọ́ mi ò kúrò lára ìgò inú báàgì mi.

Àgbà obìnrin kan tí kì í pariwo ló dá wa lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní ká to ìgò wa sórí tábìlì. Háà! Gbogbo rẹ̀ ló mọ́ gaara. Ó rìn yí tábìlì ká, ó wá gbé abọ́ funfun kan síwájú wa.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ta ló máa fi omi tiẹ̀ bọ́jú?"

A rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú sí wa lẹ́nu. Mo dìde, mo da tèmi sínú abọ́. Mo mọ̀ pé kò lè ṣe mí ní nǹkan kan. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Màmá sọ sí mi lọ́kàn: omi ọ̀sán ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn, kì í ṣe èyí. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè.

"Mà, aago mẹ́fà ni mo bu ú. Mi ò lè buwọ́ lù ú."

"Lọ bu ti ọ̀sán," ni àgbà obìnrin náà dáhùn, kò bú mi.

Nígbà tí mo padà sí Ìkòròdú, aago méjì ọ̀sán ni mo bu ú, bí wọ́n ṣe ń fọ dúrọ́ọ̀mù ọ̀dà lọ́wọ́. Omi náà ki, ó sì ń hó bí ọṣẹ. Ọ̀gá mi wò ó, wọ́n wò mí.

"Ṣé iṣẹ́ ti sú ẹ ni?"

"Rárá, sà."

Mo buwọ́ lùwé lójú wọn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mi ò fi rí oorun sùn dáadáa, tí mò ń retí ìwé ìdádúró. Ìwé ò dé. Nítorí òfin náà, kòtò tí ìdọ̀tí yóò máa rọ̀ sí nísàlẹ̀ kí omi tó jáde ni ọ̀gá mi ní kí wọ́n gbẹ́, tìbínú-tìbínú ni.

Ara mi ò tíì balẹ̀ tán títí dòní, n kò sì fẹ́ kó balẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sán tí mo bá fẹ́ buwọ́ lùwé, mo máa ń wo inú ìgò náà pẹ́, mo máa ń bi ara mi bóyá mo lè fi bọ́jú fún Màmá.