Àyè Ẹ̀yìn Alùpùpù Bùọ̀dá Délé

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Mo mọ̀. Ìyàwó mi pàápàá, tí a ti jọ ń gbé láti ìgbà tí irun ṣì kún orí mi, kò gbà mí gbọ́. Ó ní ọyẹ́ ló wọ̀ mí lágbárí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in tán báyìí, torí n ò rò pé yóò kù lẹ́nu yín tí mo bá sọ ọ́ dé òpin.

Ojú mi yìí ló rí i. Rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́: ojú mi ò rí i. Ẹ̀yìn mi ló mọ̀ ọ́n.

Nígbà náà, tí owó epo rọ̀bì ṣì ń pa orílẹ̀-èdè yìí bí ọtí, tíṣà ni mí ní Ìlọ́fà. Mo ní alùpùpù kékeré kan. Bí mo bá ń bọ̀, àwọn ọmọ iléèwé á máa fi ẹnu kùn, "Yùùùn! Tíṣà ń bọ̀!" Bí òjò bá ba ọ̀nà jẹ́, mo lè gbé e lé èjìká kọjá ẹrẹ̀. Mo ti ṣe é rí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bámidélé, tí mo ń pè ní Bùọ̀dá Délé, ń ṣe mẹkáníìkì ní Kàdúná. Òun ló ní alùpùpù ńlá. Òyìnbó kan tó ń la títì lọ́hùn-ún ló tà á fún un nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹranko ni nǹkan náà, kì í ṣe irin. Tánkì rẹ̀ rí bí ikùn màlúù tó lóyún. Àga rẹ̀ gùn, ó sì rẹlẹ̀. Hándù rẹ̀ na apá méjèèjì síta bí ẹni tó fẹ́ gbá èèyàn mọ́ra. Kì í han bíi tèmi. Àyà ló fi ń sọ̀rọ̀: dù, dù, dù, bí ẹni ń gúnyán nílé kejì.

Kérésì tó gùn ún wálé gbẹ̀yìn, mo bẹ̀ ẹ́ títí kó jẹ́ kí n gùn ún.

"Ìwọ tó ò tíì lè gun ẹ̀fọn," ó ní, "o fẹ́ gun ẹfọ̀n."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, títí kan ìyá wa.

"Jókòó sẹ́yìn mi jẹ́jẹ́, Tíṣà. Kérésì tó ń bọ̀, màá fi kọ́ ọ."

Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni. Ó ga, ó lẹ́nu, kò sẹ́ni tí kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ kò sí ibi tí yóò ti jókòó kí àgbà kan dúró. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Kérésì, orí ìdúró ló ti ń gbọ́ ìwàásù, torí bó ṣe ń dìde fún baba yìí ló ń dìde fún ìyá tọ̀hún. Ìyá wa ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀, a sì ṣì ń rántí bí èékánná rẹ̀ ṣe máa ń já wa létí.

Kérésì tó ń bọ̀ kò bá a láyé. Ibà ni wọ́n pè é. Kí ìròyìn tó dé Ìlọ́fà, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti sin ín sí Kàdúná. Ìyá wa ò rí ojú rẹ̀, kò rí ilẹ̀ tí wọ́n bò mọ́ ọn. Alùpùpù yẹn nìkan ni wọ́n ní àwọn máa dì mọ́ lọ́rì kan tó ń bọ̀ wá kó iṣu ní Òsì.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ gbé e, Màámi pè mí sídìí ààrò. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, kì í pa ìsìn òwúrọ̀ jẹ. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí àlùfáà gbọ́.

"Kò sí ohun tó fẹ́ràn tó nǹkan yẹn. Bó bá máa bọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò jókòó sí. Tó o bá dé odò, sọ fún un pé odò nìyí. Tó o bá dé oríta, sọ ibi tí ẹ ń yà sí fún un. Má bojú wẹ̀yìn. Mú un wá bá mi ní ulé."

Ulé ni àwa ń pe ilé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó kú sí ìdálẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá ń gbé ẹrù rẹ̀ bọ̀ ní í máa fọ̀nà hàn án.

"Màámi," mo ní, "tíṣà ni mí o."

"Mo mọ̀. Ìyẹn ò sọ ẹ́ di odi."

Ìgbà tí mo dé Òsì, wọ́n ti sọ ẹranko náà kalẹ̀ ní gáréèjì. Awakọ̀ lọ́rì náà, Alàájì kan láti Ìlọrin, fà mí sápá kan.

"Ṣé ẹ̀yin ni àbúrò olóògbé? Tíṣà, ẹ gbọ́. Ní afárá Jẹ́bà, lọ́rì mi kọ̀, kò lọ. Epo wà, bátìrì wà. Mo ṣàdúà títí. Àfìgbà tí mo lọ sẹ́yìn, tí mo ní, 'Ọ̀gá, odò la dé o, ẹ jẹ́ ká kọjá.' Ìgbà yẹn ló tó gbiná." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ o."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àwọn tó kàwé.

Mo fẹsẹ̀ gbá a, ó dáhùn. Mo tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ bí mo ṣe ń tú ti kékeré mi. Ó fò síwájú, ó yẹ̀, ó sì rọra dùbúlẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀ bí àgbà tó fẹ́ sùn lọ́sàn-án.

"Tíṣà, síléètì kọ́ o!" ẹnì kan kígbe.

"Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun!"

Àwọn géńdé agbérù ló bá mi gbé e dìde, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo fi ìtìjú gbéra. Ọyẹ́ ti mú, oòrùn sì ti ń pọ́n bí ẹ̀yin iná lẹ́yìn eruku.

Kékeré mi, ọwọ́ ni mo fi ń darí rẹ̀: bí mo bá fà á sọ́tùn-ún, ó lọ sọ́tùn-ún. Eléyìí ò mọ ọwọ́. A bẹ̀rẹ̀ sí jìjàkadì. Ní kọ̀nà àkọ́kọ́, inú koríko ló gbé mi wọ̀.

Nígbà tí mo dé odò tó wà lẹ́yìn Òsì, mo dúró. Mo wo iwájú, kò sẹ́ni kankan. Ojú ń tì mí, mo bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, bí èmi àti òun ṣe máa ń ṣe.

"Bùọ̀dá, odò rè é o. Ẹ ká ṣòkòtò yín sókè."

Ẹ gbọ́ o. Alùpùpù náà rẹlẹ̀ lábẹ́ mi. Sípíríìngì ẹ̀yìn ké kín-ín, bó ṣe máa ń ké bí géńdé bá gùn ún. Ọyẹ́ tó ti ń gbá mi lẹ́yìn dáwọ́ dúró, bí ẹni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn.

N ò bojú wẹ̀yìn. Ẹ má rò pé ọgbọ́n ni. Ọrùn mi ló gan.

Mo gbéra. Kọ̀nà mìíràn ń bọ̀, kòtò ńlá kan sì wà létí rẹ̀. Bí mo ṣe ń sá fún kòtò náà ni mò ń wò ó, bí mo sì ṣe ń wò ó ni mò ń lọ bá a. Nígbà náà ni orúnkún méjì fún mi ní ìbàdí, wọ́n sì rọra tẹ̀ mí sápá ọ̀tún.

"Má wo kòtò," ohùn kan ní, létí mi gan-an. "Ibi tó o bá ń wò ló ń lọ."

Mo gbé ojú kúrò. Mo wo òpin kọ̀nà. Ẹranko ńlá náà tẹ̀, ó sì yí kọ̀nà yẹn bí omi ṣe ń yí òkúta.

Ẹ̀rù bà mí, n ò ní purọ́. Àmọ́ omi tó ń dà lójú mi kì í ṣe ti ẹ̀rù. Ó ti wálé wá mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ó ń kọ́ mi.

Láti ibẹ̀ lọ, ẹnu mi ò dákẹ́ mọ́. Bùọ̀dá, oko tí a ti ń gbẹ́ òkété rè é. Bùọ̀dá, wọ́n ti gé igi ìrókò yẹn. Bùọ̀dá, Màámi ti tẹ́ ẹní yín. Bí a bá dé kọ̀nà, orúnkún á tẹ̀ mí, èmi náà á tẹ̀. N ò gun alùpùpù dáadáa bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, n ò sì gùn ún bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Ulé?" ó bi mí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí oorun ń kùn.

"Ó kù díẹ̀, Bùọ̀dá."

Ní oríta Ìdọ̀fin, ìyá arúgbó kan dúró létí ọ̀nà, agbọ̀n iṣu lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Tíṣà, ọmọ mi," ó ní, "ẹsẹ̀ ti kọ̀. Ìlọ́fà ni mò ń lọ."

Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi. Ta ni yóò gun alùpùpù kọjá lára àgbàlagbà tó gbé ẹrù, nírọ̀lẹ́, lágbègbè wa? Wọn á ní a ò kọ́ ọ nílé. Ẹnu mi yá ju orí mi lọ.

"Ẹ gùn ún, ìyá. Àyè wà."

Àyè wà! Ẹnu mi yìí ni.

Sípíríìngì ké kín-ín, alùpùpù sì gbéra sókè. Ọyẹ́ gbá mi lẹ́yìn. Ìyá náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Kì í ṣe èmi ló ń wò.

Mo rò pé ojú àgbà ni. Ó gùn, a lọ. Òun àti iṣu rẹ̀ wà lẹ́yìn mi, síbẹ̀ ẹranko tó fẹ́ ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀ ní Òsì fúyẹ́ bíi kékeré mi. Mo pe Bùọ̀dá lẹ́ẹ̀kan, lábẹ́ ohùn. Kò dáhùn.

Mo sọ ìyá náà kalẹ̀ létí ọjà Ìlọ́fà, mo yà sílé. Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà, igbá omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ojú mi. Ó wá wo ẹ̀yìn mi. Ó wò ó pẹ́.

"Ìwọ nìkan?"

Mo pa ẹ́ńjìnnì. Kò da omi náà nù. Ó gbé e padà wọlé, ó fi àwo bò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń fi ọwọ́ kan ti alùpùpù náà jáde nígbà tí ìyá arúgbó yẹn wọ àgbàlá wa, iṣu méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo wá dúpẹ́," ó ní. "Lọ́wọ́ ìwọ àti èkejì rẹ."

Màámi jáde láti ìdí ààrò. "Èkejì wo?"

"Ọkùnrin gíga yẹn, tí epo ẹ́ńjìnnì ta sí láṣọ. Àbí kò tíì dé? Bí Tíṣà ṣe ní àyè wà báyìí ló sọ̀ kalẹ̀ fún mi. Mo ní kó má ṣèyọnu. Ó ní òun ò lè jókòó kí àgbà dúró, ìyá òun ò kọ́ òun bẹ́ẹ̀. Ó ní òun á máa fẹsẹ̀ bọ̀." Ó gbé iṣu náà kalẹ̀. "Ó bi mí pé èwo nínú ọ̀nà wọ̀nyí ló lọ sí ulé. Tíṣà sì ti gbéra. N ò rántí bóyá mo dá a lóhùn."

Màámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Èmi ni mo kọ́ ọ," ó ní. "Èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ."

Mo gun alùpùpù náà padà sí oríta Ìdọ̀fin. Àwọn tó ń lọ oko dúró, wọ́n ń wo tíṣà tó ń ké sí afẹ́fẹ́. Mo pè é títí ohùn mi fi há. Sípíríìngì ò ké.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbé ẹni yín bọ̀ láti ìdálẹ̀, tí àgbà sì dá yín dúró, ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un bó bá gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé àyè wà. Bí ẹ bá sì ti Òsì bọ̀ nírọ̀lẹ́, tí ọkùnrin gíga kan bá bi yín ní ọ̀nà ulé ní oríta Ìdọ̀fin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá.

Ẹ sọ fún un pé apá ọ̀tún ni.