Gìtá Olóòórùn Òkè-Òkun

Ní àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀, ohun tuntun kì í níyì. Bí o bá gbé fíríìjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí wọlé, tí ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀, àwọn aládùúgbò á wò ọ́ tàánú-tàánú, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìnáwó o," bí ẹni ń kí ọlọ́fọ̀. Ṣùgbọ́n bí fíríìjì náà bá ti họ lára, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tẹ̀ níbì kan, tí wọ́n sì kọ èdè tí ẹnikẹ́ni kò lè kà sí i lẹ́yìn, ilé kún nìyẹn. Tòkunbọ̀ ni. Òyìnbó ti lò ó kò bàjẹ́. Ta ni àwa tí a ó bà á jẹ́?

Ẹ má bú wa. Ẹ̀yìn ilé wa ni èbúté Àpápá wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa ni a ti ń gbọ́ ìró kọ̀ǹténà tí wọ́n ń gbé sílẹ̀, gbì, a sì ti gbà pé ohun tó dára nílé ayé, inú àpótí irin ló máa ń bá wá. Èmi náà kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí rí, àfi ìgbà tí mo fẹ́ ra gìtá.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ìka bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, ilẹ̀kùn kọ̀ǹténà pa dé mọ́ ìka àárín ọwọ́ òsì mi. Ìka náà jinná, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò ká dáadáa mọ́. Àwọn yòókù á tẹ̀ wọlé, òun á dúró gan-an-ran bí àna tí wọn kò fún ní àga. Fún ẹlòmíràn, kò ṣe nǹkan kan. Fún èmi, wàhálà ni, nítorí iṣẹ́ tí mo fi ń gbádùn ara mi ni àlọ́ pípa. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àwa ayálégbé máa ń kó bẹ́ǹṣì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ sí àgbàlá, èmi á gbé gìtá lé itan, àlọ́ á bẹ̀rẹ̀.

Gìtá àtijọ́ yẹn ló kọ́kọ́ dà mí. Ooru àti ọ̀rinrin ti tẹ ọrùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí àwọn okùn rẹ̀ fi ga kúrò lára igi bíi wáyà iná lórí òpó. Ẹni tí ìka rẹ̀ pé á làágùn kó tó tẹ̀ wọ́n. Ìka tèmi kọ̀ jálẹ̀. Mo wá ń pa àlọ́ lásán, láìlórin. Ẹ ẹ̀ rí i bí àgbàlá ṣe ń tú. Télọ̀ tó wà ní yàrá ẹnu ọ̀nà á yọ fóònù, á máa fi àtàǹpàkò ti nǹkan sókè. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á na ọrùn wo ohun tó ń wò. Ìyàwó mi kò fi bò fún mi.

"Dádì," ó ní, "àlọ́ tí kò lórin, ìròyìn ni. Ìròyìn sì wà lórí rédíò."

Mo mọ̀ pé bí n kò bá rí gìtá tí ìka mi lè bá ṣọ̀rẹ́, tí àpò mi náà sì lè bá ṣọ̀rẹ́, mo ti pa àlọ́ tan láyé mi nìyẹn.

Mo ti pinnu pé èmi nìkan ni n óò lọ. Bí mo ṣe jáde ní àárọ̀ Sátidé, Àlàájì onílé wa ló dúró lẹ́nu géètì, ó ti dé fìlà, ó ti wọ bàtà. Àlàájì ta ẹ̀yà ara mọ́tò tòkunbọ̀ ní àdúgbò Coconut títí ó fi fẹ̀yìn tì, gbogbo ohun tó sì mọ̀ wà nínú imú rẹ̀. Ó máa ń gbóòórùn ẹ́ńjìnnì, ó máa ń gbóòórùn bẹ́ẹ̀dì, ó ti gbóòórùn ẹ̀rọ ìfọṣọ kan rí tó sọ ìlú tó ti wá. Kò sí ayálégbé tó ń ra nǹkan ńlá láìmú imú Àlàájì dání.

"Apàlọ́, mo gbọ́ pé o fẹ́ ra gìtá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àlàájì, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ìyọnu. Ẹ sinmi."

"Ìyọnu kọ́. Wọn ò lè rẹ́ ọ jẹ lójú mi."

Ṣé ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, àgbà tó bá bá ọ ra ọjà, ojú òun náà ti wọ inú ọjà ọ̀hún. Bó bá dára, òun ló rà á. Bó bá bàjẹ́, o ti ba ojú àgbà jẹ́. Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó dára.

Inú GRA ní Àpápá ni Àlàájì kọ́kọ́ ní ká gbà, bóyá a ó rí òyìnbó kan tó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé. A kan géètì mélòó kan. Ọlọ́dẹ kan tó jókòó lábẹ́ igi ló dá wa lóhùn pé òyìnbó tí òun bá níbẹ̀ ti lọ tipẹ́, igi tí òun jókòó sábẹ́ rẹ̀ yìí nìkan ló kù nínú ẹrù rẹ̀. Àlàájì wo igi náà díẹ̀, kó tó ní ká máa lọ sí Malu Road.

Ṣọ́ọ̀bù tí a wọ̀ wà láàárín ẹni tó ń lẹ táyà àti ẹni tó ń jó irin bọ́ńpà tírélà. Bí o bá fẹ́ gbọ́ ohùn gìtá níbẹ̀, àfi kí o dúró kí irin kọ́kọ́ dákẹ́. Ọkùnrin onísọ̀ náà sanra, ẹ̀rín sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ wọlé, Àlàájì. Ẹ wọlé, ọ̀gá mi. Tòkunbọ̀ ni gbogbo ẹ̀, kò sí jíbìtì níbí."

Wọ́n so àwọn gìtá náà kọ́ lọ́rùn bí ẹran ìgbẹ́, gbogbo wọn ló sì họ lára. Mo wò wọ́n dáadáa. Abẹ́ ihò ikùn wọn, lápá ọ̀tún, ni gbogbo wọn ti họ, bí ẹni pé òyìnbó kan ṣoṣo ló lo gbogbo wọn, tó sì fi òrùka kan náà ha wọ́n lára.

Àlàájì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gbé àkọ́kọ́, ó ti imú bọ ihò ikùn rẹ̀, ó di ojú, ó fa èémí.

"Lọ́ńdọ́ọ̀nù," ó ní.

Ó gbé èkejì. "Jámánì nìyí."

Èmi jókòó sórí kéèsì ọtí tó ṣófo, mo gba ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Mo di ojú kan, mo fi ìkejì wo ọrùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí káfíńtà ṣe ń wo pákó, bóyá ó wọ́. Kò wọ́. Mo fi ìka tó gan tẹ okùn: okùn ga, ìka ké gbàjarè. Mo dá a padà. Èyí tó tẹ̀ lé e rọrùn láti tẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ láti irin kan sí èkejì lára ọrùn rẹ̀, ó ń kùn bí eṣinṣin tó há sínú agolo. Òmíràn tún wà tí ikùn rẹ̀ tóbi bí ti aboyún. Mo kàn fọwọ́ bà á ni, gbogbo ṣọ́ọ̀bù mì.

"Ìyẹn ló dáa!" ni Àlàájì wí. "Ohùn rẹ̀ á dé Coconut."

"Àlàájì, elégbè ni mo ń wá. Bí mo bá gbé eléyìí, òun ló máa pa àlọ́, èmi ni n óò máa gbè."

Ó ní kí n gba ti Jámánì. Okùn tirẹ̀ kò ga púpọ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lù ú ni nǹkan kan ń yí nínú rẹ̀, kòrò, kòrò.

"Kí ló ń ró nínú ẹ̀?" mo bi onísọ̀.

Àlàájì ló dáhùn. "Ojúlówó máa ń sọ̀rọ̀ nínú. Ẹ́ńjìnnì gidi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí wọ́n fi pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀gbẹ́ ibùdó tírélà. Àlàájì dìde, ó ní kí n má sanwó kankan kí òun tó dé. Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà, mo dojú gìtá Jámánì délẹ̀, mo gbọ̀n ọ́n. Nǹkan funfun roboto kan jábọ́, ó yí lọ sí ẹsẹ̀ onísọ̀. Àwa méjèèjì wò ó.

"Kàfúrà ni," mo ní, "tí wọ́n ń fi sáàárín aṣọ nítorí aáyán."

"Kàfúrà ni, ọ̀gá mi." Ó ṣà á, ó fẹ́ eruku ara rẹ̀ kúrò, ó fi sápò. "Ó máa ń jábọ́ nígbà míì."

"Ta ló fi síbẹ̀?"

"Èmi ni. Ẹ má pariwo. Nígbà tí mo ń so wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe jáde nínú páálí, eṣinṣin nìkan ló ń bá mi nájà. Wọ́n á wò ó, wọ́n á ní fèkì ni. Ni mo bá ra sáńpépà, mo fi ha wọ́n lára. Ìyàwó mi ló mú àbá kàfúrà wá, ó ní bí aṣọ bọ́sìkọ́nà tó ti òkè-òkun wá ṣe ń rùn nìyẹn. Láti ìgbà yẹn, Ọlọ́run ń ṣe é."

"Kò sí tòkunbọ̀ kankan níbí?"

"Ó wà. Ẹyọ kan." Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Òun ni mo fi ń ti ilẹ̀kùn yẹn. Kò dáa."

Mo bi í léèrè èyí tí sáńpépà kò tíì kàn. Ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì lọ, ó gbé gìtá kékeré kan jáde, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Kò ní àrà kankan lára. Ọrùn rẹ̀ gún, okùn rẹ̀ sì sún mọ́ igi, ṣùgbọ́n kò kùn. Mo fi ìka tó gan lé e, mo retí ìrora. Ìka náà kò ká ju bó ṣe máa ń ká lọ. Okùn ló sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Ohùn rẹ̀ kò pọ̀. Ó rọra jáde, ó dúró fún ìwọ̀nba, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹnu. Mo kun orin àlọ́ ìgbín sí i lábẹ́lẹ̀, níbi tí ó sì yẹ kí elégbè ti dáhùn, gìtá náà dáhùn.

Mo bi í pé èló ni. Òun ni owó rẹ̀ kéré jù nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Àwọn yòókù, iṣẹ́ ọwọ́ mi wà lára owó wọn," ni onísọ̀ wí.

Àlàájì wọlé, omi àlùwàlá ṣì ń tàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó rí ọ̀rá. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí lèyí?"

"Àlàájì, ó bá mi lọ́wọ́ mu."

"Ọwọ́ ò mọ nǹkan kan. Imú ló mọ̀ ọ́n." Ó gbóòórùn rẹ̀, ó fà sẹ́yìn. "Tuntun! Kí wọ́n máa wí nílé pé lójú mi ni ayálégbé mi ṣe ra fèkì? Gbé e sílẹ̀."

Kí ni ẹnu mi fẹ́ sọ? Bí mo bá ní kàfúrà ló ti ń gbóòórùn láti àárọ̀, mo ti já fìlà lórí àgbà nìyẹn, níwájú onísọ̀. Bí mo bá sì gbé e sílẹ̀, àlọ́ mi tán. Mo di gìtá náà mú, mo wo ilẹ̀. Onísọ̀ wò mí, ó wo Àlàájì, ó sì gbà á lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́.

"Àlàájì, ẹ̀yin lẹ mọ ọjà. Ẹ jẹ́ n wò ó bóyá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ti òkè-òkun dé ṣì wà lẹ́yìn."

Ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì. A jókòó. Àlàájì ń kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ pé ojú kòkòrò ló ń pa ẹni tó ń ra tuntun. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń jó irin ti dákẹ́, gbogbo Malu Road bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, a sì ń gbọ́ ṣàà, ṣàà, ṣàà láti ẹ̀yìn kọ́tìnì.

"Kí ló ń dún yẹn?"

"Eruku ara ẹ̀ ni mò ń nù, Àlàájì," ni onísọ̀ dáhùn láti inú.

Àlàájì fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "O gbọ́? Eruku. Tuntun kì í ní eruku."

Nígbà tí gìtá náà padà jáde, ó ti họ lábẹ́ ihò ikùn rẹ̀, lápá ọ̀tún. Àlàájì ti imú bọ̀ ọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Kánádà," ó ní nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Gbà, dán an wò. Ṣé o rí i pé ó yàtọ̀?"

Ìka mi lé okùn, okùn sọ̀ kalẹ̀ wá bá a bíi ti àkọ́kọ́.

"Ó bá mi lára mu gan-an, Àlàájì."

Onísọ̀ dá owó sáńpépà lé e. Àlàájì bínú sí i, ó ní òun kò ní gbà. Ó ná an, ó bú u, ó dìde bí ẹni ń lọ, ó padà jókòó, títí owó fi sọ̀ kalẹ̀ sí iye tí wọ́n dá fún mi nígbà tí ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Bí a ṣe ń jáde, onísọ̀ ń nu ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún eruku igi, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

Nílé, kàfúrà tí onísọ̀ ti sọ sínú rẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì ń yí kòrò-kòrò, ó ń ba orin jẹ́. Mo fẹ́ yọ ọ́, ìyàwó mi kò gbà. Ó ní Àlàájì á gbóòórùn rẹ̀ ní gbogbo Sátidé, òótọ́ sì ni. Ó rán àpò aṣọ kékeré kan fún un, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú gìtá. Láti ìgbà náà, aáyán kò wọ yàrá wa mọ́.

"Ó kéré tán," ni ìyàwó mi wí, "iṣẹ́ kan dájú lọ́wọ́ ẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a rà á gan-an, wọ́n to bẹ́ǹṣì. Télọ̀ ti yọ fóònù sílẹ̀ ní tirẹ̀. Mo sọ ti ìgbín tó lọ ra bàtà nítorí pé bàtà náà ń dán, mo dé ibi orin. Mo fi ìka náà tẹ okùn. Okùn dá mi lóhùn.

Ìgbín ra bàtà o,
Ẹsẹ̀ dà?
Bàtà ń dán yinrin,
Ẹsẹ̀ dà?

Ìyàwó mi gbè é. Télọ̀ wòkè, fóònù rẹ̀ ṣú lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì gbè é. Ṣùgbọ́n ohùn tó bo gbogbo wa mọ́lẹ̀, ti Àlàájì ni, lórí àga rẹ̀ níwájú, ó ń fi ẹsẹ̀ lulẹ̀: "Ẹsẹ̀ dà? Ẹsẹ̀ dà?" Nígbà tí mo dúró fa èémí, ó yíjú sí ayálégbé tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Kánádà ni," ó ní. "Ṣé o ò gbọ́ ọ lóhùn ẹ̀ ni?"

Mo tún okùn tẹ̀, ìgbín sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.