Ọjọ́ tí Bọ̀dá Mú Mi Lọ Yan Ìbọn

Òórùn epo máṣíìnì ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí a ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ìbọn yẹn, irú epo kan náà tí ìyá mi máa ń kán sínú máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ ní Iléṣà. Ó yà mí lẹ́nu pé irú òórùn bẹ́ẹ̀ lè máa jáde níbi tí wọ́n ti ń ta ohun tí ń pa ènìyàn. Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní àríwá Houston, kò jìnnà sí Greenspoint tí à ń gbé, láàárín ibi tí wọ́n ti ń ṣe táyà àti ilé oúnjẹ kan tó ti kógbá sílé. Àárọ̀ Sátidé ni. Ooru ti ń yọ́ ọ̀dà títì níta, ṣùgbọ́n inú ibẹ̀ tutù bí ibi tí wọ́n ń kó ẹja sí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ṣáájú, èmi tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, mo di báàgì mi mọ́ ikùn. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo ti ń di nǹkan mọ́ ikùn, kò sì sẹ́ni tó fura.

Ìwọ náà wà ní Houston nígbà náà, ọ̀rẹ́ mi, o ò ní gbàgbé ọdún tí owó epo já wálẹ̀ tí ìlú sì já tẹ̀ lé e. Bọ̀dá, bí mo ṣe ń pè wọ́n nìyẹn nítorí ìyàwó ilé kì í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ lórúkọ, ti ṣe ẹnjiníà fún ọdún mẹ́jọ nílé iṣẹ́ epo kan ní apá ìwọ̀ oòrùn, lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí San Antonio. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ní kí wọ́n kó ẹrù orí tábìlì wọn sínú páálí. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, wọ́n ń ta gaàrí, ẹja gbígbẹ, ẹlẹ́rìndòdò àti sìgá, wọ́n sì ní kí n wá máa dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn, nítorí ọkọ mi wà nílé ìwé ní Louisiana, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ló ń wálé. Bọ̀dá ló mú àwa méjèèjì wá sí Amẹ́ríkà. Orúkọ wọn ló wà nínú ìwé ilé tí mò ń sùn sí. Àtẹ̀gùn kan péré ló wà láàárín ilé tiwọn àti tiwa. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Nǹkan bí oṣù kan ṣáájú Sátidé yẹn, olè wọ ṣọ́ọ̀bù wa lọ́sàn-án gangan. Mo wà lẹ́yìn, mò ń wọn gaàrí sínú ọ̀rá. Gbogbo ibẹ̀ kàn dákẹ́ lójijì. Mo yọjú, mo rí ẹnu ìbọn níwájú orí Bọ̀dá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó di ìbọn náà mú ń gbọ̀n ju Bọ̀dá lọ. Ó kó ohun tó wà nínú dúróà, ó sì sá lọ. Bọ̀dá ò pariwo. Wọ́n mú ìgbálẹ̀, wọ́n ń gbá ilẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n sọ fún mi pé àwọn ti rí iṣẹ́ dráífà, àwọn á máa gbé ẹrù kiri láti àárọ̀ di aago mẹ́ta, èmi nìkan ni n ó máa dúró nídìí káńtà.

"O máa nílò ìbọn," wọ́n ní. "Abẹ́ épírónì ni wàá máa so ó mọ́."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo lóyún oṣù méjì àti ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èyí kọ́ sì ni àkọ́kọ́. Lọ́dún tó ṣáájú, oyún kan dúró, inú wa dùn, a sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbàdúrà fún mi níwájú ìjọ, àwọn ìyá ìjọ ń fọwọ́ kan ikùn mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò pé oṣù mẹ́rin tó fi wálẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó lè wo ojú ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, nítorí gbogbo wọn ló mọ ohun tí mo pàdánù, gbogbo wọn ló sì ń fi ojú àánú bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí èyí dé, mo kọ̀wé sí ìyá mi, ó fèsì kíá: "Oyún inú, a kì í kà á kún ọmọ tilẹ̀. Má sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹbí ọkọ rẹ. Jẹ́ kí ikùn rẹ fúnra rẹ̀ sọ ọ́." Ọkọ mi náà gbà bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí dókítà, àwa mẹ́ta la mọ̀ láyé.

Bí mo bá ní mi ò fẹ́ ìbọn, Bọ̀dá á bi mí nídìí. Bí mo bá sọ ìdí, àṣírí ti tú. Bí mo bá sì gbà, màá máa so irin mọ́ ikùn tí ọmọ wà, màá sì máa retí ọjọ́ tí olè yóò tún wọlé. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni mo fi rò ó, mi ò rí ọ̀nà àbáyọ, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ aṣọ tẹ̀ lé wọn.

Òyìnbó àgbàlagbà kan ló ń tajà. Ó kọ́kọ́ kìlọ̀ fún wa pé ìbọn náà ò gbọdọ̀ bá mi jáde sígboro nínú báàgì, òfin Texas ò gbà á, inú ṣọ́ọ̀bù wa nìkan ni kó wà. Ó wá gbé ọ̀kan sílẹ̀ fún mi, ó kéré, ó ń dán, èèkù rẹ̀ funfun. Ó ní èyí ni àwọn obìnrin máa ń fẹ́. Bọ̀dá ò tilẹ̀ wò ó. Wọ́n nawọ́ sí ọ̀kan tó dúdú tó sì wúwo, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó apá ọmọ ọwọ́.

"Ìyẹn ni, jàre. Olè tó bá rí eléyìí á ti sá kó tó lanu."

Mo gbé e, ọwọ́ mi rẹlẹ̀. Ọkùnrin náà ní kí n fa irin òkè rẹ̀ sẹ́yìn. Mo fà á, kò mira. Mo tún un fà, èékánná mi ṣẹ́. Bọ̀dá ní tó bá yá á mọ́ mi lára.

Ìgbà náà ni obìnrin kan jáde láti ẹ̀yìn, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, irun rẹ̀ ti ń funfun. Òun ni olùkọ́ àwọn tí kò yìnbọn rí. Ó gba ìbọn ńlá náà lọ́wọ́ mi, ó dá a padà. Ó ti èyí tó ń dán náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ìbọn bá ṣe fúyẹ́ tó náà ni yóò ṣe fò sókè lọ́wọ́ ẹni tó yìn ín tó. Ẹni tó bá fi irú rẹ̀ kọ́ṣẹ́, ẹ̀rù ni yóò kọ́. Ẹ̀kẹta tó gbé wá ò lẹ́wà. Kò tóbi, kò kéré, ó ní àgbá roboto kan tó ń yí, ihò ọta mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí irin kankan tí mo máa fà sẹ́yìn. Ó ní kí n dì í mú, kí n wò ó bóyá ìka mi á dé ibi tí wọ́n ń fà láìjẹ́ pé mo yí ọwọ́ padà. "Ọwọ́ tìẹ ló máa yàn án," ó ní, "kì í ṣe ojú ẹlòmíràn."

Ó wá bi mí pé ọwọ́ wo ni mo ń lò jù.

"Ọwọ́ ọ̀tún," Bọ̀dá dá a lóhùn.

Irọ́ ni, ṣùgbọ́n Bọ̀dá ò mọ̀ pé irọ́ ni. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí láti inú ìyá mi wá. Wọ́n na ọwọ́ náà kúrò nínú abọ́, wọ́n nà án kúrò níbi ká gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, títí mo fi di ọlọ́wọ́ ọ̀tún lójú gbogbo ayé. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbé oúnjẹ fún Bọ̀dá, wọn ò rí ọwọ́ òsì mi rí. Àbí ìbọn ni n ó wá fi ọwọ́ òsì gbà, lọ́wọ́ obìnrin tó tó ìyá mi? Ọwọ́ òsì mi ti fẹ́ jáde, mo fà á padà, mo na ọ̀tún. Olùkọ́ náà rí i. Ó bi mí bóyá mo ń ríran dáadáa, Bọ̀dá ní mo ń ríran. Ó bi mí bóyá mo ti yìnbọn rí, Bọ̀dá ní kò sẹ́ni tó ń yìnbọn nílé wa. Mo dúró níbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n mú lọ forúkọ sílẹ̀ ní jéléósinmi.

Nígbà tó fẹ́ ṣílẹ̀kùn iyàrá ìyìnbọn tó wà lẹ́yìn, ó dúró. Ó ní ó ku ìbéèrè kan tí òun máa ń bi gbogbo obìnrin: ṣé kò sí oyún? Ó ní òjé wà nínú èéfín ibẹ̀, ariwo rẹ̀ sì ń wọ inú ara lọ, òun kì í jẹ́ kí aboyún wọ ibẹ̀. Mo di báàgì mi mọ́ ikùn. Bọ̀dá rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"No, no, madam. Nothing like that."

Wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ parọ́. Wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún tó kọjá, wọ́n fẹ́ yára yọ mí nínú ìbéèrè tó lè dá egbò náà sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ò wo Bọ̀dá. Èmi ló ń wò, ó sì wò mí pẹ́. Mo láǹfààní láti lanu. Mo pa á dé. Inú ṣì ń bí mi sí ara mi nítorí rẹ̀ títí di òní.

Ilẹ̀kùn méjì ló wọ ibẹ̀, èkejì kì í ṣí àfi tí àkọ́kọ́ bá ti pa. Nígbà tí àkọ́kọ́ pa lẹ́yìn mi, mo mọ̀ pé mo ti há. A ti gbé ohun ìbòtí wọ̀. Òórùn ẹ̀tù jíjó kún ibẹ̀, ọkùnrin mẹ́ta ń yìnbọn lápá ọ̀tún wa, gbogbo ìró rẹ̀ ń gba egungun àyà mi wọ ikùn. Olùkọ́ náà kọ́ mi bí n ó ṣe dúró, bí n ó ṣe gbé ìbọn náà sílẹ̀ tí mi ò bá yìn ín mọ́. Ó kó ọta sínú rẹ̀, ó ní ó kù sọ́wọ́ mi. Mo gbé e sókè. Àwòrán òjìji èèyàn kan tí a ó yìnbọn sí wà lára bébà níwájú. Mi ò wo àwòrán náà. Bí mi ò ṣe ní mí ni mò ń gbìyànjú. Mo ní bóyá tí mi ò bá mí, òjé náà ò ní rọ́nà wọlé. Ta ló lè wà láìmí pẹ́? Ẹ̀rù bà mí ju bó ṣe bà mí lọ́jọ́ tí olè wọlé. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo gbé ìbọn náà sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ sí iwájú. Mo yíjú sí Bọ̀dá.

"Bọ̀dá, mo lóyún."

Wọn ò gbọ́. Wọ́n fọwọ́ kan ohun tó bo etí wọn, wọ́n gbójú sókè sí mi. Mo tún un sọ, ìbọn dún, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Ohun tí ìyá mi ní kí n má sọ wúyẹ́wúyẹ́ fún ẹ̀dá kan ló wá di ohun tí mò ń pariwo. Mo mí kanlẹ̀, mo ké: "Mo lóyún, Bọ̀dá! Oyún wà níkùn mi!"

Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà dáwọ́ dúró láti kó ọta mìíràn. Ohùn mi kún iyàrá náà láti ògiri dé ògiri. Gbogbo wọn yíjú wò mí. Wọ́n gbọ́ ohùn, wọn ò gbọ́ èdè. Bọ̀dá nìkan ló gbọ́.

Mi ò rí kí àgbà rìn kíákíá bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n gbá mi lápá mú, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn kejì kí àkọ́kọ́ tó pa. Olùkọ́ náà tẹ̀ lé wa jáde, ó rí ibi tí mo gbé ọwọ́ lé, ó mi orí. Kò bá mi wí. Ó ní kí n fọ ọwọ́ àti ojú mi dáadáa, kí n bọ́ aṣọ náà tí mo bá délé, kí n sì sọ fún dókítà.

Nínú mọ́tò, Bọ̀dá ò ṣíná ọkọ̀. Ooru ń hó lára wa.

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ìyá mi ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, sà."

Wọ́n ní, "Ìyá ẹ gbọ́n." Wọ́n wá gbé iwájú orí lé ọwọ́ ìwakọ̀. "Mi ò lè dúró nídìí káńtà yẹn mọ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe wá iṣẹ́ dráífà. Tí ilẹ̀kùn bá ti dún báyìí, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n. Mo rò pé tí gun bá ti wà lọ́wọ́ ẹ, ọkàn mi á balẹ̀."

Wọ́n ń sunkún. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Àánú wọn ṣe mí, inú sì bí mi, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà: ibi tí àwọn ò lè dúró sí ni wọ́n fẹ́ fi èmi sí. Mi ò sọ ìyẹn fún wọn títí wọ́n fi kú.

Wọn ò ṣí ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ láti Mọ́ńdè. Wọ́n kó ọjà rẹ̀ fún ará Nàìjíríà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, wọ́n ń bá iṣẹ́ dráífà lọ. Ọ̀rọ̀ oyún náà, wọn ò sọ ọ́ fún ìyàwó wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí wọ́n jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Láràárọ̀, wọ́n á kan ilẹ̀kùn mi, wọ́n á ní, "Ṣé ara le?" Màá ní ó le, sà. Ó tó. Nígbà tí ikùn mi wá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, tí ìyàwó wọn ń fò fáyọ̀, wọ́n ṣe háà bí ẹni pé etí wọn ò gbọ́ ọ rí.

Ó pẹ́ tí mo fi rò pé ìyá mi ló ṣì mí lọ́nà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ní Iléṣà ò mọ̀ pé ibì kan wà láyé tí wọ́n ti ń bi obìnrin léèrè oyún lẹ́nu ọ̀nà iyàrá ìyìnbọn. Ibi tí ìmọ̀ràn rẹ̀ pin sí nìyẹn, ó yẹ kí n mú tèmi lò. Kò sẹ́ni tó dì mí lẹ́nu lọ́jọ́ náà.

Ọmọ tó wà níkùn mi ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí, ó ń gbé ní Missouri City, lẹ́bàá Houston, ẹnu rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Lóṣù tó kọjá ó pè mí, ó ní òun fẹ́ ra ìbọn tí òun á máa mú rìn, òfin ti gbà á báyìí. "Mummy, ẹ má bínú o, I just want to know which one is good for a beginner." Mo sọ ohun tí olùkọ́ náà kọ́ mi fún un: kó má ra èyí tó fúyẹ́ jù, kó má ra nítorí ẹwà, kó jẹ́ kí ọwọ́ ara rẹ̀ yàn án. Ó béèrè bóyá kí òun mú ọkọ òun dání lọ. Mo ní bó bá wù ú, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí wọ́n bá bi í níbẹ̀, ẹnu ara rẹ̀ ni kó fi dáhùn.