Ẹ̀bùn Orí Ọkọ̀ Onígbòkun

Mo rántí ìgbà tí tirélà kan gbé ọkọ̀ ojú omi wọ ìlú Kàbbà, níbi tó jẹ́ pé omi inú kànga ni omi tó jìn jù lọ tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀. Àbúrò bàbá mi ló ni ín. Ìdí ọkọ̀ ojú omi ló ti ṣiṣẹ́ ní Wàrí títí ó fi fẹ̀yìn tì, òyìnbó kan tó ń padà sílé ló sì ta èyí fún un. Ọkọ̀ onígbòkun ni, èyí tí atẹ́gùn ń tì, tí tọkọtaya lè máa gbé inú rẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ láti èbúté dé èbúté. Ẹni tí orí rẹ̀ pé ì bá gbé e lọ tààrà sí etí odò Ọya ní Lọ́kọ́jà. Àmọ́ ta ni yóò ra irú nǹkan báyìí tí kò ní kọ́kọ́ gbé e kọjá níwájú ilé àwọn tó ti ní kò lè dà bí èèyàn láyé? Àgbàlá wa ni wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí, láàárín igi kajú, tí àwọn adìyẹ ń sùn lábẹ́ rẹ̀.

Èmi ni mo fi ara mi jẹ igbákejì ọ̀gá ọkọ̀. Mo ra awò dúdú, mo mú ọ̀pá lọ́wọ́, mo ń fi ọkọ̀ han gbogbo ẹni tó bá yà kí wa. Odò tí mo ti sọdá rí nígbà náà, orí afárá ni mo gbà.

Kí n má parọ́ mọ́ àbúrò bàbá mi, ó mọ ọkọ̀. “Ẹ má wo ẹwà rẹ̀,” ni yóò máa wí, “abẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò.” Ìyẹ́ ńlá kan, bíi lẹbẹ ẹja, wà lábẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n fi òjé rọ. Ó ní ọkọ̀ tó bá fúyẹ́ lókè, tó wúwo nísàlẹ̀, ni atẹ́gùn ń bá ṣeré. Òun ló ń sáré, òun náà ló sì lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kó tún dìde. Èyí tó bá wúwo lókè, bó bá ti ṣubú, ó ṣubú náà nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, ó bu iyanrìn tútù sí ìdí kèrègbè, ó gbé e sínú bàsíà omi, ó sì fọwọ́ tì í ṣubú. Kèrègbè nà ró. Gbogbo àgbàlá pàtẹ́wọ́.

Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, kò pàtẹ́wọ́. Ní gbogbo ọdún tí ọkọ rẹ̀ fi wà ní Wàrí, Kérésì sí Kérésì ló ń rí i. Ó dá tọ́mọ, ó dá roko iṣu. Ọkọ rẹ̀ wá fẹ̀yìn tì tán, ó tún fẹ́ gba ojú odò lọ títí dé òkun. Màmá ti búra pé òun ò ní jókòó sílé retí ẹnikẹ́ni mọ́. Bó bá jẹ́ lílọ, àwọn méjèèjì ni. Àmọ́ kò mọ̀wẹ̀.

“Dádì, kèrègbè lẹ fi hàn mí,” ló wí. “Ọjọ́ tí ọkọ̀ yìí bá ṣubú tó sì dìde lójú mi ni mo máa wọ̀ ọ́.”

“Bí kò bá wá dìde ńkọ́, Màmá wọn?”

“Á jẹ́ pé ọgbọ́n ni mo fi dúró létí odò.”

Gbogbo ìmọ̀ ọkọ̀ yìí ló wọmi lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Lọ́dọ̀ wa, a kì í ṣí ilé, ṣọ́ọ̀bù tàbí kànga láìdúpẹ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í lọ síbi ìdúpẹ́ lọ́wọ́ òfo. Ohun tí a bá fún ọ, ibi tí ojú ẹni tó fún ọ yóò ti máa rí i ni o gbọ́dọ̀ gbé e sí. Àwọn àgbà ní ẹ̀bùn tí a gbé pamọ́, ẹ̀bùn tí a kọ̀ ni. Ẹgbẹ́ ọkùnrin ìjọ gbé jẹnẹrétọ̀ wá. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá gbé àga onítìmùtìmù pupa. Àwọn tó bá àbúrò bàbá mi kàwé gbé tánkì omi dúdú wá láti Ìsánlú, wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí i lára. Àwọn àna rẹ̀ láti Ògìdì gbé ọlọ wá, òkúta tí ọkùnrin mẹ́rin ń mí hẹlẹ lábẹ́ rẹ̀.

Àbúrò bàbá mi wo ọlọ yìí, ó sì rọra bèèrè bóyá àwọn lè gbé e sí ìsàlẹ̀ nínú ọkọ̀. Olórí àwọn àna ṣí fìlà.

“Àna wa, ṣé ọlọ wa ń tì yín lójú ni?”

“Rárá o. Ìwúwo ni mo ń rò.”

“Ọmọ wa tẹ́ ẹ gbé níyàwó, ṣé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ gbé e pamọ́ sí?”

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọlọ gòkè. Bí ọlọ ti gòkè, ta ni yóò gbà kí ẹ̀bùn tirẹ̀ wà nísàlẹ̀? Òkè ọkọ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà, wọ́n fi okùn dì í, pásítọ̀ sì gbàdúrà sí okùn. Wọ́n ní a kì í ru ẹran erin lérí ká máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Tiwa ru erin, ó tún ru àwọn àna erin.

Nígbà tí odò kún dáadáa la gbé e dé Lọ́kọ́jà, bọ́ọ̀sì àwọn tó mú ẹ̀bùn wá ń tẹ̀ lé wa. Wọ́n sọ ọkọ̀ sómi. Apẹja kan nínú ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ rẹ̀ bèèrè bóyá ọjà Ìdáh là ń ná. Màmá dúró létí odò, ó gbé báàgì rẹ̀ lọ́wọ́.

“Dádì, ẹ kó nǹkan wọ̀nyẹn kalẹ̀.”

“Níwájú wọn?”

“Níwájú wọn náà. Ṣé àwọn ló máa bá yín mu omi?”

Àbúrò bàbá mi wo ọ̀dọ̀ àwọn àna. Ó wo alága ẹgbẹ́ ọkùnrin tó ti na fóònù sókè, tó ń fi ya fídíò wa. “Tá a bá ti lọ díẹ̀, tí wọn ò rí wa mọ́, màá kó wọn kalẹ̀.”

“Ó dáa. Tẹ́ ẹ bá ti kó wọn kalẹ̀, kẹ́ ẹ wá mú mi.”

Èmi àti àbúrò bàbá mi la jọ lọ. Mo wọ èwù agbéniléfòó sábẹ́ dàǹṣíkí, kí wọ́n má baà ní ẹ̀rù ń ba igbákejì. A ta ìgbòkun. Atẹ́gùn kan rọra sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Pátì, irú èyí tí kò lè gbọn aṣọ lórí okùn. Ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń fì lọ. Mo rí tánkì tó kọjá lára mi tòun torúkọ, àga pupa tẹ̀ lé e, jẹnẹrétọ̀ wọmi láìdágbére. Ọlọ já okùn gbẹ̀yìn. Èmi náà ti wà nínú omi nígbà yẹn. Létí odò, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ké orúkọ ẹ̀bùn tirẹ̀. N kò gbọ́ ẹni tó ké orúkọ wa.

Bí ọlọ ti lọ tán, ọkọ̀ sinmi lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni ń ronú. Ni òpó ìgbòkun rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra kúrò lójú omi, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi nà ró, àbúrò bàbá mi so mọ́ ọn bí alángbá.

Màmá gbé báàgì rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ apẹja. “Ẹ gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀,” ló wí, “kí ẹnikẹ́ni tó tún fún un ní nǹkan.”

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Wọ́n lọ, wọ́n rí òkun, wọ́n bọ̀, wọ́n sì tún ń lọ. Títí dòní, ohun tí wọ́n ń sọ nílùú ni pé ọkọ̀ burúkú ni, ó da ẹ̀bùn èèyàn nù, àwọn ará Ògìdì ò sì tíì dárí ọlọ jì wá. Mo ti rí ilé, mo ti rí ìgbéyàwó, mo ti rí oyè tí ìlú dì lérù bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà, tí gbogbo rẹ̀ sì wà lókè níbi tí ojú ti lè rí i. Díẹ̀ ló dìde nínú wọn. Àbúrò bàbá mi mọ gbogbo ohun tó ń mú ọkọ̀ nà ró, àfi bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó tó. Nítorí náà, bí wọ́n bá wà nílé, tí ẹgbẹ́ kan bá tún kó ẹ̀bùn dé, Màmá ló ń jáde sí wọn. Á kí wọn bí a ti ń kíni nílẹ̀ wa, “Ọ̀kun o, ọ̀kun o,” á bèèrè ọmọ, á bèèrè oko, á rẹ́rìn-ín sí wọn dáadáa. Kò sì ní yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà.