Ẹ̀wù Tí Kò Lámì

Bí ẹ bá gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì alágbàfọ̀, kó tó rì í bọ omi ni yóò ti fi òwú pupa rán àmì sí ẹ̀yìn kọ́là rẹ̀. Ìlà mẹ́ta ni ti tíṣà, àgbélébùú kékeré ni ti nọ́ọ̀sì. Aṣọ ogún èèyàn lè jọ wọnú ẹ̀rọ ìfọṣọ, kò sí èyí tí yóò ṣìnà. Ẹ̀wù ẹnì kan ṣoṣo ni kò lámì: ti Bàbá Ìbejì awakọ̀, ọkọ rẹ̀. Ta ní ń rán àmì sí aṣọ ilé?

Àmọ́ ọkùnrin yìí ti kó kúrò nílé láti ọdún mẹ́ta o! Ó ti ń gbé lọ́dọ̀ obìnrin mìíràn. Síbẹ̀, gbogbo Sátidé ló ń gbé àpò aṣọ rẹ̀ dé, Ìyá Ìbejì a fọ̀ ọ́, a lọ̀ ọ́, kì í sì í gba nǹkan kan. Ẹ má tíì bú u. Aládùúgbò kan tó mọ gbogbo nǹkan ló sọ fún un pé bí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ bá ti jáde, owó tí ọkọ ń fún àwọn ọmọ parí nìyẹn, ẹ̀rọ ìfọṣọ á sì tẹ̀ lé ọkọ, torí orúkọ ọkọ ló wà lórí rìsíìtì. Kí ni àwọn ìbejì ọlọ́dún mẹ́sàn-án yóò wá jẹ? Ẹni tí wọ́n fẹ́ sun jẹ kì í fepo para. Ó panu mọ́, ó ń fọṣọ, kí ọkọ má baà kọ̀ ọ́ pátápátá.

Ìgbà tó yá, ọkọ fúnra rẹ̀ ló pè é lẹ́jọ́ ìkọ̀sílẹ̀.

“Kí lorúkọ ọkọ yín?” akọ̀wé kóòtù bi í.

“Bàbá Ìbejì.”

“Orúkọ tó ń jẹ́ gan-an, mà.”

Ọdún méjìlá tí wọ́n ti fẹ́ra, kò dárúkọ ọkùnrin náà rí. Ó tún ní, “Bàbá Ìbejì ni, mà.” Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

Adájọ́, ìyá àgbà kan tó wọ awò ojú, kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí ọkọ, tó ti ń ṣàlàyé pé òun ò rí ìdí tí òun yóò fi máa sanwó fún ẹni tí òun ti kọ̀.

“Ta lẹ kọ̀?”

“Ìyàwó mi, mà.”

“Àwọn ìbejì ńkọ́? Ẹ kọ àwọn náà ni?”



Adájọ́ ní kí wọ́n pín owó tí wọ́n jọ fi pa mọ́ sí báǹkì sí méjì dọ́gba. Ẹ̀rọ ìfọṣọ di ti ẹni tó ń fi í ṣiṣẹ́. Oṣù mẹ́fà péré lọkọ yóò fi gbọ́ bùkátà ìyàwó, torí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Ṣùgbọ́n oúnjẹ àti owó iléèwé àwọn ọmọ, oṣooṣù ni, títí wọn yóò fi pé ọdún méjìdínlógún.

“Ẹ máa pè é ní Bàbá Ìbejì lọ, ìyá,” ni adájọ́ wí. “Ọkọ ló tán. Bàbá ò tán. Orúkọ yẹn ni yóò máa sanwó.”

Ara tu Ìyá Ìbejì. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn kóòtù, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́ta gbáko! Àṣé ẹ̀rù lásán ló ń mú òun fọṣọ.

Nígbà tó di Sátidé, Bàbá Ìbejì dé, ó ju àpò sórí káńtà bí ìṣe rẹ̀.

“Ìyá Ìbejì, ìrọ̀lẹ́ ni mo máa wá gbé e o.”

Obìnrin náà ka ẹ̀wù mẹ́fà. Ó fa abẹ́rẹ́ yọ, ó ki òwú pupa bọ̀ ọ́, ó yí kọ́là ti àkọ́kọ́ síta.

“Kí lò ń ṣe yẹn?”

“Àmì ni, Bàbá Ìbejì. Aṣọ oníbàárà ò gbọdọ̀ sọnù.” Ó gé òwú náà. “Ẹ̀wù mẹ́fà. Ẹ san ìdajì sílẹ̀ kí n tó rì í bọ omi.”